Bíbó ọ̀dà ara gìtá oníná àti kíkùn ún padà nílé: ọ̀nà wo ló bá yín mu?

Gìtá tòkúnbọ̀ kan wà lọ́wọ́ yín. Ohùn rẹ̀ dáa, ọrùn rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà ara rẹ̀ ti fọ́ níhìn-ín, ó ti họ lọ́hùn-ún, tàbí kó jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ ni kò wù yín mọ́. Ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín bó o, kí ẹ sì kùn ún. Ìbéèrè méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí: kí la ó fi bó èyí tó wà lára rẹ̀, kí la ó sì fi bò ó padà? Èkejì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló máa sọ bí bíbó náà ṣe máa jinlẹ̀ tó, tàbí bóyá ẹ tilẹ̀ nílò láti bó nǹkan kan rárá.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Owó ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè, ṣùgbọ́n owó ọ̀dà nìkan kọ́ ni owó iṣẹ́ yìí. Sáńpépà ń tán, tínà ń tán, ìbòmú tó dáa sì lè wọ́n ju ọ̀dà inú agolo lọ. Lẹ́yìn owó, ẹ wo ewu: èyí tó lè gbaná, èyí tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, èyí tó lè ba igi fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ibi tí ẹ ti máa ṣe é. Ẹni tó ní àgbàlá n'Íbàdàn àti ẹni tó ń gbé yàrá kan ní àjà kẹrin ní Peckham ní London kò lè yan ohun kan náà. Ẹ wo bóyá àṣìṣe ṣeé tún ṣe láìpadà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sì wo ohun tí ojú gìtá náà máa rí: ṣé ara ògiri ni yóò máa gbé, àbí yóò máa bá ẹgbẹ́ jùjú lọ sóde àríyá mọ́jú, kí òógùn máa kán sí i lára?

Mi ò fi ohùn kún un. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀dà báyìí ń jẹ́ kí igi mí, pé ọ̀dà báyẹn ń pa ohùn. Okùn irin ni pickup gìtá oníná, ẹ̀rọ kékeré abẹ́ okùn tó ń gba ohùn, ń gbọ́; ẹni tó bá lè gbọ́ ọ̀dà láàárín ìlù, kíbọ́ọ̀dù àti gángan, etí rẹ̀ ju tèmi lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lára rẹ̀

Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń wà lára gìtá oníná: nitrocellulose, tí àwọn onígìtá gé kúrú sí nitro, polyurethane, àti polyester. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn ni wọ́n jọ ń pè ní poly. Ọ̀dà mọ́tò ni nitro tẹ́lẹ̀. Iléeṣẹ́ DuPont gbé Duco jáde ní àwọn ọdún 1920, General Motors sì fi ń kun mọ́tò. Àṣà lílo ọ̀dà mọ́tò yìí ló jẹ́ kí àwọ̀ àwọn gìtá àtijọ́ ti iléeṣẹ́ Fender máa jẹ́ orúkọ àwọ̀ mọ́tò: ti Cadillac ni Lake Placid Blue, ti Ford Thunderbird sì ni Fiesta Red. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Fender bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ polyester, torí ó tètè ń gbẹ, ó sì le. Iléeṣẹ́ gìtá Gibson ṣì ń lo nitro títí dòní. Ní ti àwọn gìtá olówó pọ́ọ́kú tó ń ti Ṣáínà àti Indonéṣíà wá, poly ló wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì lè nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 1 láwọn ibi kan.

Láti mọ èyí tó jẹ́, ẹ tú ike iwájú rẹ̀. Ẹ rẹ òwú díẹ̀ sínú acetone, èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, kí ẹ fi í lé ibi tí ike náà máa ń bò mọ́lẹ̀, kí ẹ kà dé ọgbọ̀n. Tí ojú ọ̀dà bá rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ òwú, tí àwọ̀ rẹ̀ ran òwú, nitro ni tàbí lacquer (ọ̀dà dídán tí tínà ń yọ́) tó jọ ọ́. Tí kò bá mira, poly ni.

Tí ó bá jẹ́ nitro, tí gìtá náà sì jẹ́ Fender tàbí Gibson gidi ti àwọn ọdún 1950 tàbí 1960, ẹ da ike rẹ̀ padà, kí ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, bó ti wù kó họ tó. Ọ̀dà àkọ́kọ́ wà lára ohun tí àwọn olùra gìtá àtijọ́ ń sanwó fún. Ẹ bó o, iye rẹ̀ lè já sí ìdajì.

Tí kì í bá ṣe irú ìyẹn, ẹ tú u tán: okùn, ọrùn, bridge (irin tí ìdí okùn máa ń sinmi lé), pickup, títí kan wáyà tó so mọ́ ìdí bridge. Ẹ ya fọ́tò wáyà gbogbo kí ẹ tó já wọn.

Bíbó: ọ̀nà mẹ́rin

Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ má bó o. Mo mọ̀ pé ìyẹn kọ́ ni ẹ wá gbọ́, ṣùgbọ́n òun ni màá kọ́kọ́ dábàá fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ àwọ̀ tó bo igi mọ́lẹ̀ pátápátá, bíi dúdú, pupa tàbí funfun. Poly tó wà lára rẹ̀ ti le, ó ti tẹ́jú, ó ti dí gbogbo ihò wínníwínní ara igi. Kò sí ìpìlẹ̀ tí ẹ lè fọwọ́ ara yín kùn nínú àgbàlá tó máa dáa jù ú lọ. Ẹ fi sáńpépà 400 (bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni sáńpépà ṣe ń dẹ̀ tó) àti omi pa dídán rẹ̀ kárí, ẹ fi pọ́tì dí ibi tó bá ti fọ́, ẹ nù ún mọ́, ẹ kùn ún. Ibi tó bá ṣì ń dán, ọ̀dà tuntun kò ní dì í mú. Láti nǹkan bí ọdún 1963 ni Fender fúnra rẹ̀ ti ń fi ìpìlẹ̀ líle kan tí wọ́n ń pè ní Fullerplast sábẹ́ nitro, nítorí náà ẹni tó bá sọ pé nitro orí ìpìlẹ̀ líle kì í ṣe iṣẹ́ gidi, ẹ ní kó lọ bá wọn wí. Owó ọ̀nà yìí kéré jù, ewu rẹ̀ náà sì kéré. Àbùkù rẹ̀ ni pé ara gìtá á nípọn díẹ̀ sí i. Ẹ fi téèpù bo kòtò tí ọrùn ń wọ̀, torí tí ọ̀dà bá fi lè wọbẹ̀, ọrùn lè kọ̀ láti wọlé.

Heat gun, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, ló yá jù fún poly tó nípọn. Ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ara gìtá ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ máa yí i po lórí ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Fún ìgbà díẹ̀ ẹ ò ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ojú ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á lé ròrò kékeré, òórùn ike tó ń jó á gba imú yín. Àsìkò yẹn gan-an ni kí ẹ ti ọ̀bẹ tí àwọn akunlé fi ń lẹ pọ́tì bọ abẹ́ ròrò náà, kó dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ igi. Tí ooru bá tó, ọ̀dà á máa ṣí ní ègé ńláńlá bí èèpo ẹyin sísè, igi funfun á sì yọjú lábẹ́ rẹ̀. Tí ó bá ń gba agbára lọ́wọ́ yín, ooru kò tíì tó. Tí igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ti pọ̀ jù.

Ẹ̀yìn gìtá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ yín ti mọ iṣẹ́ náà kí ẹ tó dé iwájú. Ibi tí igi ti tín-ín-rín, bí ìwo méjèèjì, ló máa ń tètè jó. Ẹ má sì dúró lójú kan, torí ooru lè tú gọ́ọ̀mù tó so pákó pọ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ wà, pẹ̀lú ìbòmú tó ní èédú nínú, torí èéfín poly kì í ṣe ohun à ń fà símú. Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀: heat gun sábà máa ń jẹ tó 1,500 sí 2,000 wáàtì, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour kò lè gbé e. Ẹ dúró de iná ìjọba, tàbí kí ẹ lọ bá ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tóbi.

Ẹ má gbé heat gun dé ìtòsí nitro rárá. Nitrocellulose kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn tí kì í rú èéfín, bó sì ṣe ń gbaná nìyẹn.

Kẹ́míkà tí ń bó ọ̀dà ni ti nitro. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún kó nípọn, ẹ fi ọ̀rá bò ó kó má gbẹ, ẹ dúró, ẹ họ ọ́. Lára polyurethane, ó lè gbà tó ìgbà bíi mélòó kan. Lára polyester, owó lẹ kàn ń sọ nù. Èyí tó ní methylene chloride nínú ló lágbára jù, òun náà ló sì ti pa àwọn tó lò ó níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin pé kí wọ́n má tà á fún ará ilé mọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Amẹ́ríkà náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019. Níbi tí wọ́n bá ti ń tà á, ẹ ka ara agolo kí ẹ tó sanwó. Irú èyí tí òórùn rẹ̀ dà bíi ti ọsàn rọrùn fún imú, ṣùgbọ́n ẹ lè ní láti fi í sùn mọ́jú. Tí gìtá yín bá ní ike tí wọ́n fi gbá a létí, ẹ má ṣe jẹ́ kí kẹ́míkà kankan kàn án, torí á yọ́.

Sáńpépà nìkan dà bí ẹni pé ó rọrùn jù, torí ó wà níbi gbogbo, kò sì gba ẹ̀kọ́. Òun gan-an ló ń ba gìtá jẹ́ jù. Poly le ju igi lọ: bí ẹ bá ti ń lo agbára láti borí rẹ̀, ibi tí igi bá ti yọ lẹ ó máa gbẹ́ jìn. Etí tó rí roboto á di pẹlẹbẹ, ibi tí wọ́n gbẹ́ kí apá lè sinmi lé á yí padà, kòtò ọrùn á fẹ̀, ọrùn á sì máa mì nínú rẹ̀. Eruku rẹ̀ náà burú. Mo gbà á fún ọ̀dà tó bá fẹ́lẹ́ nìkan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè yẹra fún un ní ìparí: bó bá jẹ́ heat gun ni, bó bá jẹ́ kẹ́míkà ni, sáńpépà 120, 180, 220 ló máa parí iṣẹ́, kí ẹ máa tẹ̀lé ìlà igi, kí ẹ má ṣe dábùú rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè bá lábẹ́ rẹ̀

Gìtá tí wọ́n kùn ní dúdú láti iléeṣẹ́, wọn kì í fi igi tó rẹwà ṣòfò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lè bá pákó mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí àwọ̀ wọn kò bára mu, tàbí kí ẹ bá awọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí sáńpépà á là kọjá kí ẹ tó mọ̀. Ẹ yẹ kòtò pickup wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ máa ń ṣófófó. Tí ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ kò bá wù yín, ẹ padà sí ọ̀nà kìíní.

Ibi tí igi bá ti tẹ̀ wọnú nítorí pé gìtá ti ṣubú rí, ẹ má tètè fi pọ́tì dí i. Ẹ fi aṣọ tútù lé e, kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé aṣọ náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Omi á di ooru, ooru á wọ igi, igi á wú padà. Ibi tí igi bá ti gé kì í dìde, ṣùgbọ́n ibi tó kàn tẹ̀ sábà máa ń dìde.

Igi alder àti basswood kò ní ihò tó ṣe é rí lójú, ẹ lè kùn wọ́n lọ. Igi ash àti ọ̀gànwó ní ihò, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi ohun ìdíhò igi rá wọn kí ẹ tó fi ọ̀dà dídán sí i, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí ihò náà hàn.

Kíkùn ún padà

*Epo.* Tru-Oil, tí wọ́n ṣe fún ìdí ìbọn ọdẹ, ló gbajúmọ̀ jù. Epo tung náà wà, àti epo linseed. Ẹ ò nílò kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ ò nílò yàrá pàtàkì. Ẹ ó fi akísà ra á fẹ́ẹ́rẹ́, á gbẹ di ọjọ́ kejì, ẹ ó fi sáńpépà dídẹ̀ pa á, ẹ ó tún ra á, títí á fi tó ìpele mẹ́fà sí mẹ́wàá. Tí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ fi sáńpépà pa ibẹ̀ kí ẹ tún un rà. Ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ igi lára. Ṣùgbọ́n kì í bo àbùkù, kì í gba igi lọ́wọ́ ìkọlù, ibi tí apá bá sì ti ń sinmi lé máa ń dúdú bí òógùn bá pọ̀, ẹ ó sì máa tún un rà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ewu rẹ̀ kan ṣoṣo kò hàn sójú: akísà tó ní epo linseed máa ń mú ooru jáde bó ti ń gbẹ, tí ẹ bá sì ká a jọ sínú garawa, ó lè gbaná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ sá a sórí okùn níta, tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

*Nitro.* Ọ̀dà àwọn tó fẹ́ kí gìtá dàgbà lójú wọn nìyí: ó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó ń sán, ó ń họ níbi tí ọwọ́ bá ti ń kàn án. Ìpele tuntun ń yọ́ wọnú ti àná, ìdí nìyẹn tí àtúnṣe rẹ̀ kì í fi í hàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, inú agolo tí wọ́n ń tẹ̀ lórí ni ọ̀pọ̀ ń rà á sí, gìtá kan sì ń gbà ju agolo kan lọ. Ní Nàìjíríà, púpọ̀ nínú sanding sealer (ọ̀dà ìpìlẹ̀) àti lacquer tí àwọn káfíńtà fi ń kun àga jẹ́ ti nitrocellulose. Ẹ yẹ ara agolo wò, kí ẹ sì bẹ káfíńtà tó ní kọ̀mpírẹ́sọ̀. Owó rẹ̀ á dín ju ti agolo òkè òkun lọ dáadáa.

Ọ̀tá rẹ̀ ni ọ̀rinrin. Tí ẹ bá fọ́n ọn nígbà òjò l'Ékòó, tínà á gba ooru lójú ọ̀dà bó ti ń fò lọ, omi inú afẹ́fẹ́ á bà lé e, ọ̀dà á sì ṣú funfun bí ìkùukùu. Ẹ dúró de ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn ràn, kí ẹ má fi ìpele nípọn. Èyí tó bá ti ṣú, tínà tí kì í tètè gbẹ máa ń mú un mọ́ padà. Ọyẹ́ kò ní ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sùúrù ló wá kàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ ó rò pé ó ti gbẹ, ojú nìkan ló gbẹ. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó fi sáńpépà 1000 sí 2000 àti omi dán an. Imú yín ni kí ẹ fi mọ̀: tí ó bá ṣì ń rùn, kò tíì gbẹ dénú. Lẹ́yìn náà, ẹ má gbé e sórí ìdúró gìtá tó ní rọ́bà, torí rọ́bà máa ń jẹ nitro.

*Ọ̀dà mọ́tò ti 2K.* Ọ̀dà àti hardener, kẹ́míkà tó ń mú un le, ni wọ́n ń pò pọ̀, wọ́n á di líle papọ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Òógùn kò ràn án, ọtí kò ràn án, ìdúró rọ́bà kò ràn án. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà olóró kan tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà nínú hardener rẹ̀, ó sì lè fi asthma, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mí dáadáa, sí ẹni tó ń fọ́n ọn lára títí ayé. Ìbòmú lásán kò tó o. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fọ́n ọn nílé, ìbáà jẹ́ ti inú agolo. Ẹ bó gìtá yín tàbí kí ẹ pa dídán poly ara rẹ̀, ẹ tẹ́jú rẹ̀, kí ẹ gbé e tọ àwọn tó ń kun mọ́tò lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀dà mọ́tò ẹlòmíràn lè tó gìtá kan, tí ẹ bá gbà láti lo àwọ̀ yẹn. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n fọ́n ọn fẹ́lẹ́, kí wọ́n má fọwọ́ kan téèpù inú kòtò ọrùn. Àbùkù rẹ̀ ni pé, tó bá fọ́ lọ́jọ́ kan, àtúnṣe rẹ̀ á máa hàn.

Méjì kan ṣẹ́ kù tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Polyurethane olómi, èyí tí omi wà nínú rẹ̀ dípò tínà, tí wọ́n ń fi akísà tàbí búrọ́ọ̀ṣì rà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ kì í jinlẹ̀. Shellac, ọ̀dà tí wọ́n ń fi oje kòkòrò ṣe, dùn ún wò, ó tètè ń gbẹ, àmọ́ òógùn àti ọtí ń bà á jẹ́; ìpìlẹ̀ ló dáa fún jù.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó fẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo tó bo gbogbo igi, tí poly sì wà lára gìtá rẹ̀ dáadáa, kó má bó nǹkan kan. Kó fi sáńpépà 400 pa á, kó gbé e lọ bá akunmọ́tò. Àwọn tó ń ṣeré lóde àríyá àti ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi èyí ránṣẹ́ sí jù.

Ẹni tó ń gbé nínú fúláàtì ní London tàbí Houston, tí kò ní àgbàlá, kò ní ibi tó ti máa lo heat gun. Tí igi bá ṣe pàtàkì sí i, kó wá ibi tó ti máa bó o níta, lẹ́yìn náà kó fi epo tàbí polyurethane olómi kùn ún lórí tábìlì, pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí.

Ẹni tí kòtò pickup ti fi igi rere hàn án, heat gun àti Tru-Oil ni mo rò pé ó dáa jù fún un, pàápàá tí ó bá jẹ́ gìtá àkọ́kọ́ tó máa bó. Kó kọ́kọ́ dán epo wò lórí ègé arère, igi fífúyẹ́ tó sún mọ́ basswood, kó tó kan gìtá.

Nitro jẹ́ ti ẹni tó ní sùúrù, tó ní ibi gbígbẹ, tó sì ní gìtá mìíràn tó máa lò. Ẹni tí gìtá kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹgbẹ́ akọrin sì ń retí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kó gbàgbé nitro, torí fún nǹkan bí oṣù kan gbáko, orí okùn ni gìtá náà máa wà.